Ní Kùmásì, Ọ̀nà Afẹ́fẹ́ Ni Oorun Ń Gbà Wọlé

Ní oṣù Kejì àti oṣù Kẹta, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa, ooru ọ̀sán ní Kùmásì, ìlú kan ní Gánà, a máa kọjá dígírì 32. Tó bá fi máa di aago méje alẹ́, ilẹ̀ ti ṣú, ìta ti ń tutù, ṣùgbọ́n inú yàrá ṣì gbóná janjan. Ẹni tó fẹ́ sùn á yí sọ́tùn-ún, á yí sósì, á dìde lọ da omi sára, á tún padà wá làágùn lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ìmọ̀ràn nípa yàrá tó tura kò wọ́n lóde òní. Wọ́n á ní ká kun ògiri ní àwọ̀ tó tu ojú lára, ká ra bẹ́ẹ̀dì gidi, ká sì jẹ́ kí yàrá wà ní nǹkan bíi dígírì 18. Àwọn tó ń gbé níbi tí òtútù wà ni wọ́n kọ èyí tó pọ̀ jù nínú ìmọ̀ràn yìí fún ara wọn. Ní Kùmásì, àfi nígbà ọyẹ́ ni òru máa ń sún mọ́ dígírì 18. Ohun tó yẹ kí ẹni tó ń gbé ibẹ̀ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ni ọ̀nà tí ooru ọ̀sán máa gbà jáde kúrò nínú yàrá kó tó di pé ó fẹ́ sùn.

Ìdí ni pé ara wa kì í sùn dáadáa láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ tutù díẹ̀. Bí àkókò oorun bá ń sún mọ́lé, ẹ̀jẹ̀ á máa ṣàn lọ sí àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀, ooru inú ara á sì máa gba ibẹ̀ jáde. Tí afẹ́fẹ́ yàrá bá gbóná tó sì dúró sójú kan, ooru yẹn kò ní ríbi lọ. Ní ìgbà tí a bá ń lá àlá lọ́wọ́ gan-an, agbára tí ara fi ń ṣètò ooru rẹ̀ máa ń dín kù púpọ̀, ìdí rèé tí ooru fi lè jí èèyàn láàárín òru. Ní 2015, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn ẹ̀yà Hadza ní Tàǹsáníà, àwọn San ní Nàmíbíà, àti àwọn Tsimane ní Bòlífíà, àwọn tí kò lo iná mànàmáná. Wọn kì í sùn ní kété tí ilẹ̀ bá ṣú. Ó máa ń lé ní wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn tí oòrùn wọ̀ kí wọ́n tó sùn. Bí òru bá ṣe ń tutù sí i ni wọ́n ń sùn, nígbà tó bá sì tutù dópin ni wọ́n ń jí.

Ìwádìí mìíràn jáde ní 2022 láti ọwọ́ Kelton Minor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ tí à ń so mọ́ ọrùn ọwọ́ ni wọ́n fi ka oorun àwọn èèyàn tó lé ní 47,000 ní orílẹ̀-èdè 68. Lóru tí ooru bá kọjá dígírì 30, oorun ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dín ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 14. Ìṣẹ́jú 14 lè dà bí ohun tí kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n kì í ṣe òru kan ṣoṣo, àwọn arúgbó àti àwọn tó wà ní orílẹ̀-èdè tálákà ló sì ń pàdánù jù.

Àwọn Àṣáńtì ìgbà ìwáṣẹ̀, àwọn tó ni Kùmásì, mọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe sí ooru. Ilé wọn jẹ́ ọ̀wọ́ mẹ́rin tó yí àgbàlá kan ká. Wọ́n rẹ́ amọ̀ mọ́ igi láti fi ṣe ògiri, wọ́n gbé òrùlé ga ṣóńṣó, wọ́n sì fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó. Gyase ni wọ́n ń pe àgbàlá náà, ojú ọ̀run ló kọ sí, ibẹ̀ ni ooru ń gbà gòkè lọ tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ọ̀wọ́ mìíràn nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kì í tilẹ̀ ní ògiri níhà àgbàlá, dampan ni wọ́n ń pe irú èyí. Ní 1980, UNESCO fi àwọn ilé òrìṣà tí wọ́n kọ́ báyìí, tó ṣẹ́ kù sí agbègbè Kùmásì, sínú àwọn ogún àgbáyé. Ẹni tó bá mọ agboolé Yorùbá àtijọ́, pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti àgbàlá rẹ̀, kò ní ṣe àjèjì níbẹ̀. Mo gbà pé ara ọ̀pọ̀ oníṣòwò Yorùbá tó ń gbé Kùmásì, kí òfin ìjọba Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà náà, tó lé wọn kúrò ní oṣù Kọkànlá 1969, tètè mọ irú ilé bẹ́ẹ̀. Títí di òní, ní Gánà, orúkọ ìlú Atakpamé ní Tógò, níbi tí àwọn Ifẹ̀ ìbátan wa ń gbé, ni wọ́n fi ń pe ògiri amọ̀ tí wọ́n mọ ní ipele-ipele.

Àwọn òyìnbó ayàwòrán ilé pàápàá tún wá kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni Maxwell Fry àti ìyàwó rẹ̀ Jane Drew dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn náà ló ya àwòrán Yunifásítì Ìbàdàn, ní 1956 sì ni wọ́n gbé ìwé jáde lórí ilé kíkọ́ ní ilẹ̀ olóoru tó kún fún ọ̀rinrin. Ìlànà wọn kò le: kí ilé tẹ́ẹ́rẹ́, kó jẹ́ yàrá kan péré ní ìbú, kí fèrèsé wà níwájú àti lẹ́yìn, kí ẹ̀gbẹ́ tó gùn kọjú sí àríwá àti gúúsù, kí òrùlé sì yọ jáde bo ògiri lórí. Ní àwọn ọdún 1960, irú ẹ̀kọ́ yìí ni ilé ẹ̀kọ́ ìyàwòrán ilé ní KNUST, yunifásítì tó wà ní Kùmásì gan-an, ń bá Architectural Association ti Lọ́ńdọ̀nù pawọ́ pọ̀ kọ́ni. Ó dùn mí pé ìlú tí wọ́n ti ń kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ yìí kún fún yàrá tí kò tẹ̀ lé e.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí fèrèsé. Tí èèyàn bá ṣí lúfà àtijọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ojú fèrèsé ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Fèrèsé onígíláàsì tí à ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó jẹ́ oge ilé tuntun báyìí, ìdajì péré ló ń ṣí. Wọ́n á tún ta kọ́tìnnì tó nípọn bò ó. Lókè orí, páànù tó ti dípẹtà ń mu ooru láti àárọ̀, ògiri búlọ́ọ̀kù tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti pa sì ń tú tirẹ̀ sílẹ̀ lóru.

Ayálégbé ni ìyà yìí sì ń jẹ jù. Ó ju ìdajì àwọn ìdílé ní Gánà lọ tó ń gbé agboolé, tí ọ̀pọ̀ wọn ní yàrá kan tàbí méjì, tí fèrèsé yàrá sì sábà máa ń jẹ́ ẹyọ kan péré. Òfin ilé gbígbé ti 1963 ní kí onílé má gba ju owó oṣù mẹ́fà lọ sílẹ̀, síbẹ̀ owó ọdún méjì ni ọ̀pọ̀ onílé ń gbà. Ẹni tó ti san ọdún méjì kò lè kó jáde nítorí pé yàrá gbóná.

Kí ló wà ní ìkáwọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀? Afẹ́fẹ́ ni kó kọ́kọ́ wá. Tí ìta bá ti tutù ju inú lọ ní ìrọ̀lẹ́, kó ṣí ilẹ̀kùn, kó gbé fáànù sójú fèrèsé, kó kọjú rẹ̀ síta fún wákàtí kan, ooru á bá a jáde. Lẹ́yìn náà ló máa tó yí i padà sí ibùsùn. Fóòmù tó nípọn máa ń dá ooru ara padà sára, aṣọ òwú fẹ́ẹ́rẹ́ lórí rẹ̀ á dín in kù. Ẹní lórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì sì ń tu ara ju bẹ́ẹ̀dì lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ẹ̀fọn ló ń mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn ti fèrèsé, mi ò sì lè dá wọn lẹ́bi níbi tí ibà ti ń pa ọmọdé. Ṣùgbọ́n ooru yìí kan náà ni ìdí tó wọ́pọ̀ jù tí àwọn èèyàn fi ń ní nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn nílé tí wọn kì í sùn sábẹ́ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àyẹ̀wò ọ̀pọ̀ ìwádìí kan ti fi hàn ní 2011. Nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé tí à ń gbọn eruku rẹ̀ nù déédéé, nẹ́ẹ̀tì ibùsùn, àti fáànù tó sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Oògùn ẹ̀fọn róbótó tí à ń tanná sí nínú yàrá tí a tì pa kò yẹ kó wà níbẹ̀ rárá: ìwádìí kan ní 2003 rí i pé èérún tó ń ti ara ẹyọ kan jáde tó ti sìgá 75 sí 137.

Ti iná kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní 2007, ìjọba Gánà pín gílóòbù amúnádínkù tó tó mílíọ̀nù mẹ́fà lọ́fẹ̀ẹ́, láti ìgbà náà iná funfun ti gba ilé. Ìmọ́lẹ̀ funfun àti ti fóònù máa ń dín melatonin, èròjà tó ń sọ fún ara pé ilẹ̀ ti ṣú, kù. Gílóòbù pupa rẹ́súrẹ́sú lálẹ́ dára jù.

Ariwo ló le jù, nítorí kò sí ní ìkáwọ́ ẹnì kan. Ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó àyíká ní Gánà ní kí ariwo má kọjá dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 48 lóru ní àdúgbò ibùgbé, ṣùgbọ́n àwọn gbohùngbohùn ìsìnkú àti ìṣọ́ òru kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè. Fáànù tó ń kùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ á bo díẹ̀ nínú rẹ̀.

Fún ẹni tó ń kọ́lé lọ́wọ́, ìgbà tí ògiri bá dé òkè ilẹ̀kùn ni kó bá bíríkìlà sọ̀rọ̀. Ojú ihò fífẹ̀ kan lókè ilẹ̀kùn, tó dojú kọ fèrèsé, tí wọ́n ta nẹ́ẹ̀tì sí, kò gba ju búlọ́ọ̀kù díẹ̀ tí wọn kò tò lọ. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rẹ́ ògiri tí wọ́n sì kun ún tán, ó di kí wọ́n fọ́ ilé kí wọ́n tó lè ṣe é, ayálégbé kankan kò sì ní bá wọn san owó ìyẹn.