Abúlé tí a Kọ́kọ́ Bi Léèrè: Ẹ̀kọ́ Aro fún Ìtọ́jú Ọpọlọ ní Òkè-Ọ̀pin

Ní ilẹ̀ Ọ̀pin, bí ibà bá mú ọmọdé, ìyá rẹ̀ mọ ibi tí yóò gbé e lọ. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá dàgbà tan, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá sọ̀rọ̀, tí kò sùn lóru, tí ó ń sá fún oúnjẹ nítorí ó rò pé májèlé wà nínú rẹ̀, ìyá kan náà kò mọ ọ̀nà mọ́. Ilé àdúrà ni a ó kọ́kọ́ gbé e lọ, tàbí ọ̀dọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀. Ìgbà tí owó bá tán, tí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sì ti dá àpá sí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ni a ó tó rántí Ìlọrin.

Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹta, ọ̀kan nínú wa kò padà dé lẹ́yìn ìsinmi Ọdún Àjíǹde. A gbọ́ pé orí rẹ̀ ti dàrú. A fi ṣe ẹ̀rín. Kò sí ẹnìkan nínú wa tí ó béèrè ohun tí a lè ṣe fún un.

Lónìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fẹ́ kí ìjọba kọ́ ilé ìtọ́jú ọpọlọ sí tòsí wa. Èmi náà fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí ó ṣáájú bíríkì ni kí wọ́n wá bi wá léèrè, nítorí pé ibi tí a ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí ní ilẹ̀ Yorùbá, gbogbo ayé ni ó wá kọ́gbọ́n níbẹ̀.

Thomas Adéoyè Lambo ni ọkùnrin tí ó ṣe é. Abẹ́òkúta ni a ti bí i ní ọdún 1923. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Birmingham, ó sì kọ́ nípa àrùn ọpọlọ ní London. Nígbà tí ó gba iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Aro, ní ẹ̀bá Abẹ́òkúta, ní ọdún 1954, wọn kò tíì kọ́ ilé náà parí. Ẹlòmíràn ìbá jókòó kí ó máa dúró de bẹ́ẹ̀dì. Lambo tọ àwọn àgbààgbà abúlé tí ó wà nítòsí lọ, ó sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé bí ayálégbé.

Ẹ wo bí ẹ̀bẹ̀ náà ti wúwo tó. Ta ni yóò fẹ́ kí ẹni tí a ń pè ní wèrè sùn sí yàrá kejì sí ti àwọn ọmọ rẹ̀? Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà kò fi lè jẹ́ àṣẹ láti òkè. Ìjíròrò ni, tọ̀tún tòsì sì ni ó ní èrè nínú. Àwọn onílé gba owó ilé. Ilé ìwòsàn yá wọn lówó láti fi kún ilé wọn. Omi ẹ̀rọ dé abúlé, a gbẹ́ ṣáláńgá, a sì gbógun ti ẹ̀fọn. Aláìsàn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú ẹbí kan dání, ìyá, àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n, tí yóò máa dáná fún un, tí yóò sì máa sìn ín lọ sí ilé ìwòsàn láàárọ̀. Níbẹ̀ ni yóò ti gba ìtọ́jú òyìnbó; ní ọ̀sán, yóò padà sí abúlé, sí àárín ọjà, ijó àti ìsìn, bí ènìyàn gbogbo.

Lambo tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ láti ràn án lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé èyí yóò kọ àwọn kan lóminú nínú àwa tí a jẹ́ ọmọ ìjọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ó fẹ́ lọ́wọ́ wọn ni òye tí wọ́n ní nípa ẹbí, nípa ìbẹ̀rù, àti nípa ohun tí aláìsàn rò pé ó ń ṣe òun.

Ní ọdún 1961, àwọn oníṣègùn ọpọlọ láti ilẹ̀ púpọ̀ péjọ sí Abẹ́òkúta láti rí iṣẹ́ yìí. Ní àkókò kan náà, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà bá Lambo lọ káàkiri àwọn abúlé Ẹ̀gbá, wọ́n ń bi àwọn ará abúlé léèrè nípa àìsàn ọpọlọ. Ìwé wọn jáde ní 1963. Lẹ́yìn náà, Lambo di igbákejì olórí àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìkan ni. Ní ọdún 2020, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde, tí wọ́n ṣe ní Ìbàdàn àti ní Kumasi ní Ghana. Ènìyàn 307 tí àrùn ọpọlọ líle ń bá jà ni wọ́n bá ní ilé àdúrà àti ní ilé àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀. Níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́dé ti ń lọ bá aláìsàn níbẹ̀, tí wọ́n sì ń bá olùtọ́jú rẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀, ara aláìsàn yá ju ti àwọn tí a fi sílẹ̀ bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ. Wòlíì kò pa ilé àdúrà rẹ̀ tì. Nọ́ọ̀sì ni ó wọlé tọ̀ ọ́ wá.

Òfin pàápàá ti yí padà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, èyí tí ó rọ́pò òfin tí a jogún láti ìgbà ìjọba amúnisìn. Ṣùgbọ́n òfin kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni ní Àbújá iye tí a ń ná lórí ọkọ̀ láti Òkè-Ọ̀pin dé Ìlọrin, tàbí ìdí tí ìyàwó kan fi dá oògùn ọkọ rẹ̀ dúró. Àwa ni a mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, bí wọ́n bá pe àpérò, kí ó má ṣe jẹ́ irú èyí tí a mọ̀, tí ìkíni gba wákàtí méjì, tí oúnjẹ gba ọ̀kan, tí ìbéèrè sì gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kí àwọn ọba àti ìjòyè wà níbẹ̀, àti pásítọ̀, lèmọ́ọ̀mù, oníṣègùn ìbílẹ̀, olùkọ́, àti àwọn ọlọ́kadà tí ó ń gbé aláìsàn lóru. Kí wọ́n bi àwọn ìyá níbi tí ọkọ wọn kò sí. Kí a kọ ohun tí a bá sọ sílẹ̀, kí wọ́n sì padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà láti sọ èyí tí wọ́n ṣe àti èyí tí wọn kò lè ṣe.

Àwọn tí ó ti ṣàìsàn rí, tí ara wọn ti yá, ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọn kì yóò dìde ní gbangba. Ojú ń tì wọ́n, a sì ti fi wọ́n ṣe ẹ̀rín tó. Kí nọ́ọ̀sì lọ bá wọn nílé, kí ó jókòó, kí ó béèrè pé, "Kí ni ó dùn yín jù nínú ohun tí a ṣe fún yín? Kí ni ẹ kò fẹ́ kí a ṣe fún ẹlòmíràn?" Ọmọ kíláàsì wa yẹn ṣì wà láàyè, ó ń dáko. Bí wọ́n bá bi mí ilé tí nọ́ọ̀sì yóò kọ́kọ́ yà, ilé rẹ̀ ni èmi yóò júwe.