Iṣẹ́ Oòrùn Nínú Òru Tromsø

Ní Tromsø, lókè lọ́hùn-ún ní Norway, níbi tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, oòrùn kì í yọ rárá láti ìparí oṣù Kọkànlá títí di àárín oṣù Kìíní. Ojú ọjọ́ a mọ́ díẹ̀ lọ́sàn-án, kò sì ní pẹ́ tí ilẹ̀ yóò tún fi ṣú. Síbẹ̀, àsìkò yìí gan-an làwọn àlejò ń rọ́ wá wo ìmọ́lẹ̀ àríwá, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ tó máa ń tàn lójú sánmà lóru. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé oòrùn tá ò rí yẹn ló ń tanná ọ̀hún.

Erékùṣù Kvaløya tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú ni mo máa ń lọ, torí iná títì ò pọ̀ níbẹ̀. Aṣọ onírun àgùntàn ló máa ń kan ara mi, súwẹ́tà á lé e, kóòtù ńlá á wá bo gbogbo rẹ̀. Mo máa ń ki fóònù bọ inú kóòtù, torí òtútù tètè ń pa bátìrì. N kì í tan iná kankan fún bí ogún ìṣẹ́jú, kí ojú mi lè là dáadáa nínú òkùnkùn.

Lóru ọjọ́ kan nínú oṣù Kejìlá, ohun tó kọ́kọ́ yọ funfun báláú, ó fẹ́ jọ ìkùukùu, àmọ́ ìràwọ̀ ń hàn láàárín rẹ̀. Ohun tá a fi ń dá a mọ̀ nìyẹn, nítorí ìkùukùu a máa bo ìràwọ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tó yá, ó nípọn, ó di àwọ̀ ewé, ó nà láti orí òkè kan dé èkejì. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń fì bí etí ìró tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, pẹ̀lú àwọ̀ osùn fẹ́ẹ́rẹ́. Yìnyín tí mo dúró lé pàápàá di àwọ̀ ewé. Mo kígbe, "Olúwa o!"

Àwọn ẹ̀rún kéékèèké tó ní agbára iná mànàmáná ló ń tú jáde lára oòrùn nígbà gbogbo, tí wọ́n ń sáré tó 400 kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọ̀nà wọn dé ayé tó mílíọ̀nù 150 kìlómítà, ó sì ń gbà wọ́n ní bí ọjọ́ mẹ́rin. Bí oòrùn bá bú jáde gidi, ó lè má tó ọjọ́ méjì. Agbára òòfà ilẹ̀ ayé ń dí ọ̀pọ̀ wọn lọ́nà, ó sì ń darí àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó wà lára wọn sọ̀kalẹ̀ sí agbègbè ìpẹ̀kun ayé, ní àríwá àti ní gúúsù. Bí wọ́n bá kọlu ọ́síjìn ní nǹkan bí 100 sí 200 kìlómítà lókè orí wa, àwọ̀ ewé ló ń yọ. Ọ́síjìn tó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ ń yọ pupa. Náítírójìn ló ni àwọ̀ osùn tí mo rí nísàlẹ̀.

Ọmọ Norway kan, Kristian Birkeland, tí wọ́n kọ́ ilé ìwòye fún lórí òkè Haldde lọ́dún 1899, ṣe ìdánwò tó ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn. Ó fi òòfà sínú bọ́ọ̀lù kan, ó gbé e sínú àpótí tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde, ó ta ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lù ú, ìmọ́lẹ̀ sì yí ìpẹ̀kun bọ́ọ̀lù náà ká.

Ọwọ́ oòrùn sì gùn. Lóṣù Kẹta ọdún 1989, ìjì tó wá látara oòrùn pa iná Quebec ní Kánádà fún bíi wákàtí mẹ́sàn-án. Lóṣù Karùn-ún ọdún 2024, àwọn èèyàn rí ìmọ́lẹ̀ yìí ní Ìlú Ọba, wọ́n rí i títí dé Florida.

Ẹni tó bá fẹ́ wá wò ó, kó wá láàárín oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kẹta, kó sì ya òru tó pọ̀ sọ́tọ̀, torí ìkùukùu lè bo ojú sánmà lọ́jọ́ tí ìmọ́lẹ̀ ń tàn jù lọ. Kẹ́mẹ́rà a máa fi àwọ̀ hàn ju bí ojú ti ń rí i lọ, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ fojú ara rẹ̀ wò ó tẹ́rùn kó tó yọ fóònù.