Wáyà Tí Kò Ní Ìpẹ̀kun: Ẹ̀kọ́ Láti Ìlú Quito Fún Àwọn Oníṣẹ́ Rédíò

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1940, ohun ìyanu kan ń ṣẹlẹ̀ ní Quito, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Ecuador ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí ilé-iṣẹ́ rédíò HCJB tí àwọn ajíhìnrere ará Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1931 bá sì ń gbóhùn sáfẹ́fẹ́, iná a máa tàn yòò ní ṣóńṣó orí àwọn ọ̀pá áńtẹ́nà rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ṣáná sí i, bẹ́ẹ̀ ni mànàmáná kò kọ. Síbẹ̀, iná náà ń jó, ó sì ń yọ́ àwọn ọ̀pá náà bí ẹni ń yọ́ òrí.

Kí ìdí èyí tó lè yé ni, ó yẹ kí a mọ bí iná ṣe ń rìn nínú áńtẹ́nà. Bí a bá bu omi sínú ọpọ́n gígùn, tí a sì ń mì í síwá sẹ́yìn, àárín ọpọ́n ni omi ti ń sáré jù, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ méjèèjì ni omi ti ń ru sókè jù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí nínú wáyà áńtẹ́nà tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ìdajì ìgbì rédíò. Àárín wáyà ni iná ti ń ṣàn jù. Nígbà tí ó bá dé ìpẹ̀kun, kò sí ibi tí ó tún lè ṣàn lọ mọ́, nítorí náà agbára tí ń tì í, èyí tí a ń fi fóltì wọ̀n, a ga níbẹ̀ ju ibikíbi lọ.

Iná tí a ń lò nínú ilé wa ní Nàìjíríà jẹ́ 230 fóltì. Ẹ̀rọ kékeré tí agbára rẹ̀ jẹ́ 100 wáàtì, irú èyí tí ó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń fi ìfẹ́ inú ṣe iṣẹ́ rédíò láìgba owó, lè gbé fóltì tí ó súnmọ́ 1,000 sí ìpẹ̀kun wáyà rẹ̀. Ẹ̀rọ HCJB ní agbára 10,000 wáàtì. Bí agbára ẹ̀rọ bá sì di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún, fóltì a di ìlọ́po mẹ́wàá.

Orí òkè ni ìlú Quito wà pẹ̀lú, ó fi nǹkan bí 2,850 mítà ga ju òkun lọ. Afẹ́fẹ́ ni ògiri tí kì í jẹ́ kí iná fò kúrò lára irin, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ orí òkè fẹ́lẹ́, ògiri náà kò sì lágbára. Àwọn òṣìṣẹ́ fi bọ́ọ̀lù bàbà bọ orí àwọn ọ̀pá náà, nítorí pé iná kì í tètè fò lára ohun róbótó bí í ti í fò lára ohun ṣóńṣó, ṣùgbọ́n ìṣòro náà kò tán. Wọn ì bá dín agbára ẹ̀rọ kù, ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́: bí agbára bá dín kù, ohùn kò ní lè dé ọ̀nà jíjìn mọ́.

Ní ọdún 1942 ni Clarence Moore, onímọ̀ ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ náà, rí ọ̀nà àbáyọ. Ó rò ó pé bí ó bá jẹ́ ìpẹ̀kun ni ìyọnu ti ń wá, èé ṣe tí a kò fi ṣe áńtẹ́nà tí kò ní ìpẹ̀kun? Ó tẹ wáyà ní igun mẹ́rin títí orí fi kan ìdí, ó sì fi òmíràn sí ẹ̀yìn rẹ̀. Kì í ṣe pé fóltì gíga pòórá, ṣùgbọ́n kò sí ṣóńṣó kankan tí iná lè gbà bẹ́ jáde mọ́. Iná tí ń jó lóru dáwọ́ dúró. Ní ọdún 1951 ni ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé àṣẹ lórí iṣẹ́ ọpọlọ rẹ̀ yìí. Àwọn oníṣẹ́ rédíò káàkiri àgbáyé ń lò ó títí di òní, quad ni wọ́n ń pè é.

Láìsí àní-àní, ẹ̀kọ́ ńlá wà nínú ìtàn yìí fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ta wáyà rédíò sẹ́yìnkùlé, yálà ní ilẹ̀ òkèèrè tàbí láàrin àwọn oníṣẹ́ rédíò ti Nàìjíríà, tí àmì ìpè wọn ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5N. Ènìyàn lè máà rí iná lójú, kí ó sì wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá fọwọ́ kan ìpẹ̀kun wáyà nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lè máà gbọ̀n rìrì bí ẹni tí iná ilé gbé, ṣùgbọ́n yóò jó o lára, egbò rẹ̀ a jinlẹ̀, kì í sì í tètè jinná.

Nítorí náà, ẹ má ṣe so ìpẹ̀kun wáyà mọ́ ibi tí ọwọ́ ọmọdé lè tó, tàbí ẹ̀bá okùn ìsáṣọ. Ó yẹ kí ó ga ju 3 mítà lọ, kí a sì fi tánganran, èyí tí iná kì í gbà kọjá, sáàárín òun àti okùn tí a fi so ó. Kí a má gbẹ́kẹ̀ lé rọ́bà ara wáyà nìkan. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí wáyà náà jìnnà réré sí òpó iná ìjọba, nítorí pé bí ó bá já lu òpó náà, ẹ̀mí ló lè bá a lọ. Iná kan kìkì ni Moore pa ní Quito. Iná ti ẹ̀yìnkùlé olúkúlùkù wà lọ́wọ́ onílé.