Èdè Sípéènì: Kí Ni "u" Ń Wá Nínú "Pague"?

Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń kọ́ èdè Sípéènì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, àwọn oníṣòwò wa kan sì ń fi ń tajà ní Malabo àti Bata, ní Guinée Équatoriale. Ibì kan wà tó ń dààmú tọmọdé tàgbà wọn: bí a ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ ìṣe nígbà tí a bá fẹ́ kí ẹlòmíì ṣe nǹkan.

Àwa á ní: mo fẹ́ kí o sanwó. "San" kò yí padà, "kí" ló ṣe gbogbo iṣẹ́. Ti Sípéènì kò rí bẹ́ẹ̀. Pagas ni "ò ń sanwó", ṣùgbọ́n bí "mo fẹ́ kí" bá ti ṣáájú, a á di e: quiero que pagues. Níbo ni u ti wá? Wọ́n máa ń ní kí ọmọ há a sórí ni. Àwa ò fara mọ́ ọn, nítorí etí ló ń pàṣẹ níbẹ̀.

G tó bá wà níwájú e lédè Sípéènì kì í dún bíi ti "gé" wa. Inú ọ̀fun ló ti ń jáde, bí h líle. Ẹni tó bá kọ pages, "páhés" ni wọ́n á kà. A kì í pe u yẹn rárá, ó kàn ń ṣọ́ g ni. Buscar, wá nǹkan, náà di busque, torí c níwájú e á dún bí s. Ṣebí Faransé ń ṣe irú rẹ̀ nínú nous mangeons? E ibẹ̀ kì í ṣe fún ẹwà.

Escoger, yàn, gba òdìkejì: e ló ń di a, g sì ń di j, escoja. Ní ti cruzar, sọdá, tó di cruce, Sípéènì kì í sábà kọ z níwájú e ni.

Empezar, bẹ̀rẹ̀, ló le jù, torí ìyípadà méjì ló pàdé nínú rẹ̀. "Kí o bẹ̀rẹ̀" ni que empieces: e àárín di ie, z di c. Ṣùgbọ́n "kí a bẹ̀rẹ̀" ni que empecemos. Ohùn kò tẹ e àárín mọ́, ni ie bá lọ. C dúró, torí e ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Kí ọmọ kọ́kọ́ pe pago, "mo ń sanwó", sókè, kó gbọ́ g dáadáa, kó tó fi e sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ní gbèsè láti gbà, ẹ lè kọ ọ́ sí ọ̀rẹ́ báyìí: quiero que me pagues hoy, mo fẹ́ kí o sanwó mi lónìí. Bó bá jẹ́ àgbàlagbà ni, ẹ yọ s kúrò: quiero que me pague hoy, mo fẹ́ kí ẹ sanwó mi lónìí.