Ibi tí owó wà nínú bọ́ọ̀lù àjùsáwọ̀n obìnrin, àti ìwé tó ń ṣí ilẹ̀kùn ibẹ̀

Ní ọdún 2015, Diana Taurasi, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé kò sí obìnrin tó mọ bọ́ọ̀lù àjùsáwọ̀n jù ú lọ nígbà náà, kò gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kankan ní Amẹ́ríkà, ilẹ̀ tí wọ́n bí i sí. Kò ṣèṣe, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà. UMMC Ekaterinburg, ẹgbẹ́ tó ń bá ṣiṣẹ́ ní Rọ́ṣíà, ló sanwó fún un pé kó fi ìgbà ooru náà sinmi, kí ara rẹ̀ lè padà bọ̀ sípò kó tó tún wá bá wọn. Nǹkan bíi mílíọ̀nù kan àbọ̀ dọ́là ni ìròyìn sọ pé ó ń gbà lọ́dọ̀ wọn lọ́dún. Owó tí Phoenix Mercury ń san fún un nílé kò ju nǹkan bíi 107,000 dọ́là lọ.

Ẹni tó bá ń wo ti ọkùnrin nìkan á rò pé Amẹ́ríkà ni ìparí gbogbo ìrìnàjò nínú eré yìí. Ti obìnrin yàtọ̀. WNBA, líìgì àwọn obìnrin ní Amẹ́ríkà, máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù karùn-ún, á sì parí ní oṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá. Ní 2025, ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù níbẹ̀ gba 66,079 dọ́là. Ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ jù kò lè kọjá 249,244. Yúróòpù ló ni oṣù tó kù. Láti oṣù kẹwàá wọ oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún ni líìgì Tọ́kì, Faransé, Sípéènì, Ítálì àti Pólàńdì ń lọ, EuroLeague àwọn obìnrin sì wà lókè gbogbo wọn, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ tó lágbára jù láti orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ti ń pàdé láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹgbẹ́ ńlá bíi Fenerbahçe ti Istanbul, tó gba ife náà ní 2023 àti 2024, lè fún àwọn ìràwọ̀ rẹ̀ ní owó tí WNBA kò lè fún wọn nígbà náà, ilé àti ọkọ̀ sì sábà máa ń wà nínú àdéhùn. Kì í ṣe gbogbo ẹgbẹ́ ló rí bẹ́ẹ̀ o. Ní àwọn ìlú kéékèèké owó náà mọ níwọ̀n, àdéhùn náà kì í sì í ju ti sáà bọ́ọ̀lù kan lọ. Bí orúnkún bá yẹ̀ kí sáà tó parí, agbábọ́ọ̀lù náà kò mọ ẹni tó máa gbà á ní sáà tó ń bọ̀.

Ọmọ Yorùbá kan wà tí ìrìn rẹ̀ fi gbogbo èyí hàn kedere. Baltimore ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bí Tèmitọ́pẹ́ Fágbénlé sí, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1992. Temi ni gbogbo ayé ń pè é. Túndé Fágbénlé, akọ̀ròyìn tí àwọn òǹkàwé ìwé ìròyìn Nàìjíríà mọ̀ dáadáa, ni bàbá rẹ̀. Òṣèré O-T Fagbenle sì jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. London ló dàgbà sí. Ó ti tó nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kó tó fojú sí bọ́ọ̀lù àjùsáwọ̀n. Tẹ́nìsì ló ti ń gbá tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀, láàárín ọdún díẹ̀, ó ti rí ilé ẹ̀kọ́ Blair Academy wọ̀ ní New Jersey, ó ti wọ Harvard, ó sì ti wọ aṣọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Òlíḿpíìkì London 2012 nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Ó gboyè ní Harvard, ó lọ gbá ọdún kan sí i ní University of Southern California, Minnesota Lynx sì mú un ní 2016. Nínú àwọn mẹ́rìndínlógójì tí àwọn ẹgbẹ́ WNBA mú lọ́jọ́ náà, òun ni ìkarùndínlógójì.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ipò yẹn. Ẹgbẹ́ méjìlá ló wà ní WNBA nígbà náà, ẹgbẹ́ kan kì í sì í gbà ju ènìyàn méjìlá lọ. Àyè 144 péré nìyẹn fún gbogbo obìnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù yìí lágbàáyé, ẹni tí wọ́n mú gbẹ̀yìn kì í sì í sábà rí ọ̀kan nínú rẹ̀. Temi rí tirẹ̀ ní 2017, ó sì bá Lynx gba ife ọdún náà. Ó wà níbẹ̀ títí di 2019. Lẹ́yìn náà, sáà mẹ́rin kọjá tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú WNBA rárá.

Ẹni tó ń wo Amẹ́ríkà nìkan á ní iṣẹ́ rẹ̀ ti tán. Irọ́ ni. Obìnrin yìí ti gbá bọ́ọ̀lù fún Polkowice ní Pólàńdì. Ní ìdíje EuroBasket ọdún 2019, nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ipò kẹrin tí wọn kò ṣe irú rẹ̀ rí, ó wà lára àwọn márùn-ún tí wọ́n yàn pé wọ́n ta yọ jù. Ní oṣù kẹrin 2024, London Lions gba ife EuroCup àwọn obìnrin, ohun tí ẹgbẹ́ Gẹ̀ẹ́sì kankan kò ṣe rí, Temi sì wà nínú wọn. Kò pẹ́ sígbà náà tó fi bọ́ sórí pápá pẹ̀lú Indiana Fever, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìràwọ̀ wọn Caitlin Clark, ní ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ní 2025 ó ti wà ní Golden State Valkyries, ẹgbẹ́ tuntun tó wọ ìdíje playoffs ní sáà rẹ̀ àkọ́kọ́. Yúróòpù ló gbé e dúró títí Amẹ́ríkà fi tún pè é.

Iṣẹ́ yìí kò ní ìsinmi, àkókò rẹ̀ sì túbọ̀ ń há sí i. Nínú àdéhùn tí WNBA bá àwọn agbábọ́ọ̀lù ṣe ní 2020, wọ́n fi òfin kan sí i tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta wọ́n ní 2023: ẹni tó bá ti lo ju ọdún méjì lọ ní líìgì náà, tí kò tètè dé láti Yúróòpù, á san owó ìtanràn. Láti 2024, kì í ṣe ìtanràn mọ́. Lábẹ́ àdéhùn náà, gbogbo sáà ló ń bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún gan-an ni ife ń di gbígbà ní Yúróòpù. Mo rò pé òfin náà le jù fún àwọn tí owó WNBA wọn kéré.

Rọ́ṣíà tó ń san owó Taurasi nígbà kan ti kúrò lójú ọ̀nà. Ní oṣù kejì 2022, wọ́n mú Brittney Griner, ìràwọ̀ WNBA, ní pápákọ̀ òfurufú Moscow lórí òróró igbó díẹ̀ tí wọ́n bá nínú ẹrù rẹ̀. Ekaterinburg kan náà ló ń lọ bá ṣiṣẹ́. Kò dé ilé títí di oṣù kejìlá, nígbà tí wọ́n fi Viktor Bout, oníṣòwò ohun ìjà, ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Ogun Ukraine sì ti bẹ̀rẹ̀ kí oṣù kejì náà tó parí.

Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn òbí mọ̀ jù nìyí: ìwé ìrìnnà wà lára ohun tí ẹgbẹ́ Yúróòpù máa ń kọ́kọ́ béèrè. Líìgì kọ̀ọ̀kan ló fi òté lé iye àjèjì tí ẹgbẹ́ lè gbà, àwọn ará Amẹ́ríkà ló sì máa ń gba àyè wọ̀nyẹn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2000, àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà, Kàríbíánì àti Pàsífíìkì péjọ sí Kútọnu, ní Benin tó múlé tì wá, wọ́n sì bá European Union fọwọ́ sí àdéhùn kan. Ọ̀rọ̀ òwò àti ìrànlọ́wọ́ ló kún inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n abala kẹtàlá rẹ̀ sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ ṣe ojúsàájú sí òṣìṣẹ́ láti àwọn ilẹ̀ wọ̀nyí, tó ń ṣiṣẹ́ ní Yúróòpù lọ́nà tó bófin mu, nítorí ibi tó ti wá. Ní 2003, ilé ẹjọ́ European Union dá Maros Kolpak láre, ọmọ Slovakia tó ń gbá bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá ní Jámánì, lórí àdéhùn mìíràn tó ní irú ìlà yẹn nínú. Ẹjọ́ yẹn ló la ọ̀nà. Ní líìgì bíi ti Sípéènì àti Faransé, ọmọ Nàìjíríà, Sẹ̀nẹ̀gà tàbí Málì wá bọ́ kúrò lára àwọn àjèjì tí wọ́n ń fi òté dè. “Kútọnu” ni wọ́n ń pe irú agbábọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ náà títí dòní. Àdéhùn tuntun tí wọ́n fọwọ́ sí ní Samoa ní oṣù kọkànlá 2023 ti rọ́pò ti Kútọnu, líìgì kọ̀ọ̀kan sì lè yí òfin rẹ̀ padà, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ buwọ́ lu ìwé gbọ́dọ̀ béèrè bó ṣe rí lọ́dún yẹn.

Èyí wà lára ohun tó mú kí ìwé ìrìnnà Nàìjíríà níyì lọ́wọ́ ọmọ wa tí wọ́n bí sí Newark tàbí Houston ní Amẹ́ríkà. Tìdùnnú-tìdùnnú ni mo fi kọ gbólóhùn yẹn, nítorí mo mọ ohun tí ojú ìwé aláwọ̀ ewé yẹn ń rí ní ẹnu ọ̀nà àwọn ilé aṣojú orílẹ̀-èdè.

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Yúróòpù wà lára àwọn tó gbé D’Tigress, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Nàìjíríà, dé ibi tó dé. Ife AfroBasket márùn-ún ni wọ́n gbà léraléra láti 2017 sí 2025. Ní Paris 2024, wọ́n na Australia àti Canada, wọ́n sì di ẹgbẹ́ Áfíríkà àkọ́kọ́, lọ́kùnrin lóbìnrin, tó dé ìpele mẹ́jọ tó kẹ́yìn nínú bọ́ọ̀lù àjùsáwọ̀n Òlíḿpíìkì. Ọdún méjì ṣáájú ìyẹn, ìjọba àpapọ̀ ti yọ Nàìjíríà kúrò nínú gbogbo ìdíje bọ́ọ̀lù àjùsáwọ̀n lágbàáyé nítorí ìjà àwọn alákòóso. Nígbà tí wọ́n fi yí ọkàn padà, FIBA, àjọ bọ́ọ̀lù àjùsáwọ̀n àgbáyé, ti fún Málì ní àyè wa ní ìdíje àgbáyé. Àwọn obìnrin tó ti tiraka gba àyè yẹn kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ìjà náà. Mo ṣì ń bínú sí i.

Ta ló wá ń mú ọmọ láti ilé dé ojú ọ̀nà yìí? Mobọ́lájí Akíọdé gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà ní Òlíḿpíìkì Athens 2004. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ESPN, ó sì dá Hope 4 Girls Africa sílẹ̀ kó lè máa kó àwọn ọmọbìnrin jọ nílé, kó máa wá ilé ẹ̀kọ́ fún wọn ní Amẹ́ríkà. Evelyn Akhator, tó dàgbà ní Èkó, gba ibẹ̀ kọjá. Kò tètè bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù, síbẹ̀ Dallas Wings mú un ní ìkẹta nínú gbogbo àwọn ọmọ tuntun ọdún 2017, lẹ́yìn náà ló kọrí sí Yúróòpù.

Lánlátẹ̀, ní Ìbàràpá ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, jìnnà sí irú ètò bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni wà níbẹ̀, àwọn tó ń jáde níbẹ̀ sì ń kọ́ni káàkiri Ìbàràpá, láti Èrúwà dé Ìgbò-Ọrà. Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀: pápá oníkọnkéré kan tó ní àwọ̀n méjì, tó wà ní ṣíṣí sílẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, olùkọ́ kan tó mọ òfin eré náà, tó sì mọ ẹni tó yẹ kó kọ̀wé sí bó bá rí ọmọ tó ga, tó yára, tó sì ń ṣe dáadáa nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀, àti ìwé ọjọ́ ìbí tí ọjọ́ inú rẹ̀ jẹ́ òótọ́, nítorí éjẹ́ǹtì tàbí yunifásítì kankan kò ní sún mọ́ ọmọ tí ọjọ́ orí rẹ̀ bá ń yí padà.