Ṣé o mọ̀? Kọ́múníìsì ti jọba ní Kétu rí

Ẹni tó bá wọ mọ́tò ní Móníyà, n'Ìbàdàn, lọ́dún 1976, tó lọ kí ìbátan rẹ̀ ní Kétu ní ilẹ̀ Benin, orílẹ̀-èdè kọ́múníìsì ló wọ̀ yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Yorùbá ni wọ́n fi máa kí i káàbọ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1974 ni Mathieu Kérékou, ọ̀gá ṣọ́jà tó ń ṣèjọba níbẹ̀, kéde pé ẹ̀kọ́ Marx àti Lenin ni ìjọba òun yóò máa tẹ̀ lé. Nígbà tó di 1975, ó yí orúkọ orílẹ̀-èdè náà padà láti Dahomey sí Benin. Ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo lófin gbà. Ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ, kó panu mọ́. Ìparí ọdún 1989 ni wọ́n tó pa ẹ̀kọ́ náà tì. Àsíá Benin nígbà ìjọba kọ́múníìsì yẹn, àwọ̀ ewé ni látòkè délẹ̀, pẹ̀lú ìràwọ̀ pupa kan péré ní igun òkè.