Bí àgbà Ìgbómìnà bá wọ ilé oúnjẹ àwọn ará Jàpáànì: irú àti wàrà sóyà ń bẹ níbẹ̀

Ní Òmù-Àrán àti Èsìẹ́, ẹni tí ebi bá ń pa mọ ibi tí yóò yà sí. Olóúnjẹ á bu iyán, á bu ọbẹ̀, oníbàárà á sì fọwọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ Ìgbómìnà ló ti fi Èkó, Àbújá àti Lọ́ńdọ̀nù ṣe ibùgbé. Bí bàbá tàbí ìyá bá lọ kí wọn, ọmọ lè ní òun fẹ́ fi ilé oúnjẹ àwọn ará Jàpáànì ṣe wọ́n lálejò. Wọ́n ti gbọ́ pé ẹja tútù ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀, igi méjì ni wọ́n sì fi ń jẹ ẹ́. Àgbà mìíràn á ní òun ti yó, á sì febi sùn.

Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Bí èèyàn bá ṣe ń wọlé, àwọn òṣìṣẹ́ lè pariwo pé "irasshaimase!" Kí àgbà má fòyà, ẹ káàbọ̀ ni wọ́n ń sọ. Láwọn ibòmíràn, orí bẹ́líìtì tó ń yí ká ni abọ́ oúnjẹ máa ń wà. Yoshiaki Shiraishi ló dá a sílẹ̀ nítòsí Osaka lọ́dún 1958, lẹ́yìn tó rí bí ìgò bíà ṣe ń tò kọjá nílé iṣẹ́ ọtí. YO! Sushi ṣí tirẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1997. Ọ̀fẹ́ kọ́ o! Iye abọ́ tí èèyàn bá mú àti àwọ̀ wọn ni wọ́n fi ń ṣírò owó.

Ẹni tí kò lè fi igi jẹun, kó béèrè fọ́ọ̀kì. Sushi gan-an, ọwọ́ lásán ni ọ̀pọ̀ ará Jàpáànì fi ń jẹ ẹ́. Èèwọ̀ kan ló wà: kí èèyàn má gún igi náà dúró sínú ìrẹsì, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe fún òkú.

Àwọn oúnjẹ náà kò fi bẹ́ẹ̀ ṣàjèjì. Wàrà sóyà tí wọ́n ń dín tà ní Kwara ni wọ́n ń pè ní tofu. Bí àwọn ìyá wa ṣe ń se igbá, tí wọ́n ń bó o, tí wọ́n ń tún un sè, tí wọ́n sì ń bò ó mọ́lẹ̀ kó lè di irú, làwọn náà ṣe ń se ẹ̀wà sóyà, tí wọ́n ń bò ó títí yóò fi di natto. Kòkòrò àìfojúrí kan náà, Bacillus subtilis, ló ń ṣiṣẹ́ nínú méjèèjì. Natto ń rùn, ó sì ń fà bí ilá.

Òótọ́ ni pé sashimi jẹ́ ẹja tútù, ó sì wà nínú sushi kan. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí wọ́n fi ọ̀pọ̀ irú ẹja bẹ́ẹ̀ sínú òtútù líle fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kí aràn inú rẹ̀ lè kú. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ti ìdálẹ̀ dé kó ní òun yóò jẹ ẹja odò láìsè. Fìríìjì tí iná rẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀ kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Àgbàlagbà tí àìsàn ń bá jà, kó jẹ èyí tó jiná: teriyaki, ìyẹn adìyẹ tàbí ẹja tí wọ́n yan, tàbí tempura, ìyẹn edé àti ewébẹ̀ tí wọ́n rì sínú ìyẹ̀fun pípò kí wọ́n tó dín in.

Omi dúdú tó wà lórí tábìlì ní iyọ̀ púpọ̀. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kó rọra tọ́ ọ wò. Wasabi aláwọ̀ ewé, inú imú ló ń ta sí. Mùsùlùmí náà ní láti béèrè: ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni tonkatsu, omi ẹlẹ́dẹ̀ sì wà nínú ramen púpọ̀.

Lọ́dún 2013, àjọ UNESCO fi àṣà oúnjẹ Jàpáànì sára ogún ìran ènìyàn. Àwọn tó ni ín kò tijú rẹ̀, ni ayé fi bá wọn gbé e ga. Ọmọ tó ń dimú sí irú ìyá rẹ̀ nílé, tó wá ń fi owó gidi ra natto ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ bá a sọ ọ́: ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.